Ẹ Sọ Iye Mẹ́gà Rẹ̀ Ká Tó Tẹ Bọ́tìnnì

Ní Sátidé kan láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ sọ́fítíwíà jẹun jókòó yí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ká nínú yàrá tí a sọ di ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Ráàmù rẹ̀ kò ju gígà 4 lọ. Háàdì-díìsìkì rẹ̀ jẹ́ irú ti àtijọ́ tó máa ń dún bí ẹni tó ń fi eyín fọ́ ẹ̀pà. A mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan ẹ̀rọ yẹn ni, nítorí irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kì í ṣe irú èyí tí àwa fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kó wa jọ ni pé a fẹ́ dán package manager tuntun kan wò, ìyẹn irú èyí tó lójú, tó ní àwòrán àti bọ́tìnnì, tí èèyàn ò fi ní máa tẹ àṣẹ sínú terminal kó tó lè rí sọ́fítíwíà gbà sórí Linux.

A ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà wá. Ohun tó fi ojú wa rí lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń ṣe é, bí a bá sì nàka sí ẹyọ kan, ṣe ni àwọn tó kù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ ohun tí à ń sọ, ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí èèyàn bá ń lo Windows, tó sì nílò sọ́fítíwíà kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa lọ, á wá a kiri, á bọ́ sórí ìkànnì tí kò mọ ẹni tó ni ín, á dáńlóòdù fáìlì kan, á máa tẹ "Next, Next, Next". Bí sọ́fítíwíà náà bá jẹ́ olówó, á tún lọ wá "crack" rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ti sábà máa ń bá a wọlé. Lórí Linux, ètò ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú Linux kan, bíi àwọn Debian tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, máa ń kó sọ́fítíwíà ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ sójú kan. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi èdìdì dì í lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi lè yí i padà kí kọ̀ǹpútà má mọ̀. Package manager ni ọmọ-iṣẹ́ tí à ń rán lọ síbẹ̀. Bí sọ́fítíwíà tí a ní kó mú wá ò bá lè dá ṣiṣẹ́ láìsí àwọn mìíràn, ó mọ̀, á kó gbogbo wọn wá pọ̀. APT, tí í ṣe ọmọ-iṣẹ́ Debian, bá Debian 2.1 jáde ní 1999. Nígbà tí Apple ṣí App Store tiwọn ní 2008, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn oníDebian ti ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló dára jù lọ nínú Linux, ohun tí a máa sọ nìyí, a ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí wa.

A pe èèyàn mẹ́ta wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan jẹ́ màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń báni tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkópì, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wo èsì ìdánwò. Èkejì jẹ́ ojúgbà wa kan tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé girama. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND. Kò sí ẹni tó ti lo Linux rí nínú wọn, àfi olùkọ́ yẹn tó ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, tó sì jó o lọ́wọ́. A ṣì máa dé ibẹ̀.

Màmá ò wá ṣeré o. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Windows 10 ló sì wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ní tiẹ̀ ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń yan irú processor tí òun máa gbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ò sì kájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà màmá ò bàjẹ́. Wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n ń gbé ìwé síta bó ṣe yẹ. Wọ́n kàn ní kó lọ kú ni. Linux lè fún un ní ọdún bíi mélòó kan sí i, ohun tí màmá sì wá wò nìyẹn: ṣé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí Linux, àbí kí wọ́n lọ yáwó ra òmíràn? Irú ìbéèrè yìí wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn lásìkò yìí, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé-ìwé, ní ọ́fíìsì ìjọ. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá pàdé lórí Linux ni package manager alábọ́tìnnì. Bí ẹnu ọ̀nà yẹn bá purọ́ fún wọn, wọ́n á padà sídìí "crack".

A ní kí màmá wá sọ́fítíwíà kékeré kan tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n rí i kíá. Ká sọ òdodo, ojú ìwé náà rẹwà. Àwòrán wà, ìràwọ̀ wà, orúkọ ẹni tó ṣe é wà, bọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù tó kọ "Install" sára wà níbẹ̀ gàdàgbà. Màmá gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse, wọ́n wojú wa.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mẹ́gà mélòó ni?"

A ò rí i lójú kan. Ìgbà tí a yí ojú ìwé náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì la tó rí nọ́ńbà kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí a fi àwọ̀ eérú kọ tín-ín-tín: kò tó MB 10. A ní, "Kò pọ̀, mà, ẹ tẹ̀ ẹ́." Fóònù wọn ló ń fún láptọ́ọ̀pù náà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà náà ń lọ, ó dúró, ó tún ń lọ. Nígbà tó ṣe, fóònù dún: mẹ́sééjì pé dátà wọn ti ń tán lọ. Àyà wa já. Ìgbà tí a ṣí terminal láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀ la rí i pé ohun tó ti wọlé ti lé ní MB 300.

Màmá ní, "Ṣé ohùn gbogbo ará Ìbàdàn lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ ni?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì wá. A ra dátà padà fún wọn kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ibi tí MB 300 ti wá, ká má bàa dà bí ẹni tó ń pariwo lásán. Irú ìdì tí wọ́n ń pè ní Flatpak ni wọ́n fi di sọ́fítíwíà náà. Flatpak kì í gbára lé ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gbé ìpìlẹ̀ tirẹ̀ wá, tí wọ́n ń pè ní runtime, tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà sì lè jọ pín lò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń sanwó ìpìlẹ̀. Bí èyí tó tẹ̀ lé e bá ń lo ìpìlẹ̀ kan náà, tiẹ̀ á kéré. Àǹfààní wà níbẹ̀, àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà la sì mọ̀ ọ́n jù: a dì í lẹ́ẹ̀kan, ó ṣiṣẹ́ lórí Fedora, ó ṣiṣẹ́ lórí Debian, ó ṣiṣẹ́ lórí Mint. Ó tún máa ń há sọ́fítíwíà mọ́ ọgbà tiẹ̀ kó má bàa máa tú ilé onílé kiri. A ò bá Flatpak jà.

Ìjà wa ni pé package manager yẹn mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ń bọ̀. Kò sí bí kò ṣe ní mọ̀, òun náà ló máa lọ gbé e. Ó lè ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Àwọn tó ṣe ojú ìwé náà ló yàn pé kí wọ́n má sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀fà nìkan ni wọ́n kọ sára páálí. Lọ́jà Bódìjà, bí ìyá alátà bá ní ₦500 ni tòmátò, tẹ́ ẹ gbà, tó wá di pé ẹ fẹ́ máa lọ, tó ní kẹ́ ẹ mú ₦15,000 wá, pé owó ọkọ̀ àti owó apẹ̀rẹ̀ ló kù yẹn, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa ní ojú ọjà náà mà rẹwà?

Snap, tí ilé-iṣẹ́ Canonical ń ṣe fún Ubuntu, tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ látilẹ̀, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ló ń lọ wò bóyá ẹ̀dà tuntun ti dé. Bó bá ti dé, á gbà á wọlé láì bi ẹnikẹ́ni. A mọ ìdí: bí àlàfo bá wà nínú ohun tí èèyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kó dọ̀la kí wọ́n tó dí i. Ọ̀nà láti dá a dúró náà wà. Èèyàn lè kọ "snap refresh --hold". Ó sì lè kọ "snap set system refresh.metered=hold", kó má bàa gba nǹkan kan nígbà tó bá jẹ́ dátà tí à ń rà ní ìwọ̀n la ń lò. Ṣùgbọ́n ibo ni ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn ní ká lọ kọ wọ́n sí? Inú terminal. Wọ́n kọ́lé fún ẹni tí kò fẹ́ wọ terminal, wọ́n wá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé náà sínú terminal.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀kan nínú wa fi ní ká gbé Synaptic síta.

Synaptic burẹ́wà, kò sírọ́ níbẹ̀. Ó jọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún ní sẹkitéríàtì. Kò sí ìràwọ̀, kò sí àwòrán ńlá, orúkọ ni wọ́n tò síbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Conectiva ní Curitiba, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ni Alfredo Kojima ti kọ́kọ́ kọ ọ́. (Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ pé àwọn ẹbí wa ló ṣe é. Curitiba jìnnà sí Bahia.) Àsìkò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló jáde, ó sì hàn lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí sọ́fítíwíà kan níbẹ̀, kò ní gbà á lójú ẹsẹ̀, ẹ máa sàmì sí i ni. Bó bá nílò àwọn mìíràn, á to orúkọ wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á ní ṣé kí òun sàmì sí àwọn náà. Ẹ tẹ "Apply", á tún dúró, á ro gbogbo rẹ̀ síwájú yín: mélòó ló fẹ́ wọlé, mélòó ló fẹ́ jáde, mẹ́gà mélòó lẹ máa dáńlóòdù, mélòó ló máa gbà lórí díìsìkì. Títí di àsìkò yẹn, kò tíì gba sọ́fítíwíà kankan o. Ẹ lè ní ó tó, kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Èyí tó jọ màmá lójú jù ò sí lójú ìta. Lábẹ́ "File", Synaptic lè kọ ìwé kékeré kan tó kó àdírẹ́sì gbogbo fáìlì tí ohun tẹ́ ẹ sàmì sí nílò. Ẹ gbé ìwé yẹn sórí fláàṣì, ẹ lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ tàbí tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gba àwọn fáìlì náà níbẹ̀, ẹ gbé wọn padà wálé, Synaptic á kó wọn wọlé láì lo dátà yín. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa dáńlóòdù. Màmá ní kí a tún un ṣe lójú wọn. A tún un ṣe. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ríṣíìtì.

Kí ni Ubuntu wá fi ṣe Synaptic? Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ohun tó ń bá Ubuntu wá ní ẹ̀dà 11.10, ní 2011. Ubuntu Software Center ti dé ní 2009. Ní 2016 wọ́n gbé ti GNOME wá rọ́pò ìyẹn. Ní 2020 ó di Snap Store. Ní 2023 ó di App Center, tí wọ́n fi Flutter kọ. Ọdún 14, ojú mẹ́rin. Ẹni tó bá ti kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ti àkọ́kọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ láti A nígbà mẹ́ta. Nígbà tí Ubuntu 24.04 sì jáde ní oṣù Kẹrin 2024, bí ẹ bá tẹ fáìlì .deb tó wà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, App Center tuntun náà ò lè gbé e wọlé. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó tún un ṣe. Nǹkan kékeré ni lójú ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í tán. Lójú ẹni tó fi fláàṣì gbé .deb wá láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú ni.

A mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń mú bọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí a bá dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwa tí a kọ́ computer science, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní, "Terminal ńkọ́? Sudo apt install, ó parí." Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì wà fún ọ̀lẹ. Àwa náà ti sọ ọ́ rí, nígbà tí a wà ní yunifásítì, tí a wọ ẹ̀wù tó ní ẹyẹ penguin láyà, tí a ń wo ẹni tó ń lo mouse bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìgbéraga lásán ni, jàre. Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ni terminal máa ń ṣe bí a bá ní kí apt lọ gba sọ́fítíwíà tó ní ẹrù lẹ́yìn? Á to orúkọ gbogbo ẹrù náà. Á ní MB báyìí ni òun máa dáńlóòdù, MB báyìí ló máa gbà lórí díìsìkì. Á wá béèrè: Y tàbí n? Ẹ ò rí i báyìí? Àwa tí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ ń bá san owó dátà, àwa ni wọ́n ń sọ iye fún. Màmá tó ń ra gígà kan mọ́ gígà kan, àwọn ni wọ́n ń fi pamọ́ fún. Tí ẹnikẹ́ni bá pe èyí ní ìrọ̀rùn, a ò mọ ẹni tó rọ̀ lọ́rùn.

Olùkọ́ tó wà pẹ̀lú wa ti gba irú ìmọ̀ràn terminal yẹn rí. Ó tẹ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì kọ̀, kò sọ ìdí. Wọ́n ní kó lọ sínú terminal. Ó da àṣẹ tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ bó ṣe wà. Ìgbà tó tún kọ̀ǹpútà náà tàn, ojú dúdú kirikiri ló bá, ìwé ìbéèrè ìdánwò táàmù yẹn sì wà nínú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà, bí òun bá ti gbọ́ Linux, inú òun á kọ́kọ́ ru ná.

Kì í ṣe òun nìkan nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2021, Linus Sebastian, ará Kánádà tó ni Linus Tech Tips (kì í ṣe Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 o), fẹ́ gba Steam sórí Pop!_OS. Ojú ọjà alábọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ kọ̀ fún un, kò sì ṣàlàyé tó yéni. Ló bá gba inú terminal lọ. Terminal kìlọ̀ fún un pé ohun tó fẹ́ ṣe léwu, pé bó bá dá a lójú, kó kọ "Yes, do as I say!" Ó kọ ọ́. Gbogbo ojú tó fi ń rí kọ̀ǹpútà náà lò sì lọ ráúráú. Àwọn tó ṣe Pop!_OS tún àṣìṣe náà ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ wá bẹ̀rẹ̀: pé kí ló dé tí kò ka ìkìlọ̀ tó wà níwájú rẹ̀? Àwa ní tiwa ń béèrè ohun tó gbé e dé iwájú ìkìlọ̀ yẹn. Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó parí ND ló fa ọ̀rọ̀ èdè, èyí sì kan àwa fúnra wa gan-an. A ti yí èdè kọ̀ǹpútà náà sí Yorùbá kó tó jókòó. Ó ṣeé ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín: yo_NG wà lára àwọn èdè tí glibc mọ̀, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù Linux. Orúkọ ọjọ́ àti oṣù ń jáde ní Yorùbá. Package manager yìí nìkan ló jókòó síbẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin náà tẹ "ìwé" síbi ìwákiri, kò sí nǹkan. Ó tẹ "ẹ̀kọ́", kò sí nǹkan. Ó ní bóyá àmì ohùn ni ò fẹ́, ó yọ ọ́, ó bá mú ohun tí kò tan mọ́ ọn rárá wá.

Ẹni tó bá ti kọ kóòdù fún Yorùbá rí mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, U+1EB9, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀. A ní láti gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Ẹlòmíràn á sì kọ e lásán, á fi àmì sísàlẹ̀, á fi àmì sókè. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí kò kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, àjèjì méjì ni. Ọ̀nà láti sọ wọ́n di ọ̀kan ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ ìlà kóòdù kan ni ní ọ̀pọ̀ èdè tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọ́n tún ìyẹn ṣe lónìí, "ìwé" kò ní mú nǹkan kan wá, nítorí kò sí ẹni tó kọ "ìwé" síbì kankan. Fáìlì tó ń ṣàfihàn sọ́fítíwíà lórí Linux ní àyè fún orúkọ rẹ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan: Name[yo], Comment[yo], Keywords[yo]. Nínú àwọn tí a ṣí wò lọ́jọ́ yẹn, Jámánì wà, Faransé wà, òfìfo ló wà níbi ti Yorùbá. A ò lè di ìyẹn ru Canonical tàbí GNOME. Ẹnikẹ́ni ò gba àyè náà lọ́wọ́ wa. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń kọ sọ́fítíwíà pọ̀ bí erùpẹ̀, a sì ń lọ sí ìpàdé, a ń wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, síbẹ̀ a ò tíì kọ "ìwé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ LibreOffice. Àwa mẹ́ta náà ò tíì kọ ọ́ nígbà yẹn. A ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ohun tó sì ń dá wa dúró kì í ṣe kóòdù. Àríyànjiyàn ni: kí la máa pe spreadsheet? Ọ̀kan nínú wa fara mọ́ "tábìlì ìṣirò", èkejì ní tábìlì ni wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀fẹ́ ni Linux, pé ta ló ń ka eyín ẹṣin tí wọ́n bá ta á lọ́rẹ. Òwe ìyẹn kì í ṣe tiwa, a ò sì gbà á. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Sọ́fítíwíà ló jẹ́ ọ̀fẹ́, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, iná tí láptọ́ọ̀pù ń lò fún ìdajì wákàtí tó fi ń dáńlóòdù kì í ṣe ọ̀fẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá sì ní ká dákẹ́ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò mọ ohun tó mú Linux dé ibi tó dé. Àwọn tó ń ráhùn ló kọ ọ́.

A ò kàn dákẹ́ síbi ìráhùn náà. A kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe package manager yẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí a béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí àpapọ̀ mẹ́gà, àti ìpìlẹ̀ àti ohun gbogbo, wà lára bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. "Install, 312 MB." Ẹnì kan dá wa lóhùn pé nọ́ńbà yẹn máa dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, pé ó máa ba ẹwà ojú ìwé jẹ́. Ẹ̀rù! Ṣé mẹ́sééjì tó ní dátà ti ń tán ò dẹ́rù bani ni? Ẹlòmíràn níbẹ̀ gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó ní ká kọ kóòdù rẹ̀ wá. A kọ ọ́ lóru ọjọ́ méjì. Kò gùn. Ó ṣì wà níwájú wọn bí a ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń jiyàn lórí àwọ̀ tó yẹ kí nọ́ńbà náà ní.

Ní ti màmá, wọn ò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí Linux. Wọ́n ní kí a gbé e sórí ọ̀kan ná, èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí a sì fi Synaptic sójú iṣẹ́ níbi tí ọwọ́ àwọn á ti máa tó o. Lánàá, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé àwọn rí sọ́fítíwíà kan tó lè máa so PDF méjì pọ̀, pé ṣé ó dára. A ní ó dára, kí wọ́n sàmì sí i, kí wọ́n ka ohun tó bá sọ fún wa. Wọ́n kà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, a gbọ́ tí oníbàárà kan ń béèrè fọ́tòkópì lẹ́yìn wọn.

"Ó dáa," ni màmá wí. "Mo ti rí iye rẹ̀. Ó di òru, tí dátà bá wọ́n pọ́ọ́kú."